Orí Kẹrin: Ẹ Ti Dagenham Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ìwé atọ́nà tó ń sọ̀rọ̀ nípa mùsíọ́mù ìlú London máa ń kó àlejò lọ tààrà sí àárín ìlú: British Museum láàárọ̀, National Gallery lọ́sàn-án, Tate Modern kí ilẹ̀ tó ṣú. Ètò yẹn lè bá ẹni tó wá lo ọjọ́ mẹ́ta ní òtẹ́ẹ̀lì mu. Kò bá ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní Barking tàbí Dagenham mu, ìdílé tó fẹ́ pẹ́ níbẹ̀, tó lọ́mọ nílé ìwé, tí iṣẹ́ kì í sì í jẹ́ kí òbí ní ju ọjọ́ kan lọ láti fi sinmi lọ́sẹ̀. Ohun tí orí yìí ń sọ ni pé Valence House tó wà ní Dagenham ni kí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Pé ó sún mọ́lé dára, àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́ ló fà á. Ohun kan wà níbẹ̀ tó ń kọ́ni ní ìbéèrè tí èèyàn máa gbé lọ sí gbogbo mùsíọ́mù yòókù, ẹni tí kò bá sì gbé ìbéèrè náà dání á kàn máa rìn káàkiri British Museum bí ẹni tó dé ọjà tí kò mọ ohun tó fẹ́ rà ni. Àwọn àgbà ló sọ pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Becontree Avenue ni Valence House wà, láàárín àwọn ilé káńsù Becontree. Ẹni tó ń bọ̀ láti Barking lè wọ District line dé ibùdókọ̀ Becontree. Ẹni tó wà lápá òkè lè ti ibùdókọ̀ Chadwell Heath wá lórí Elizabeth line. Láti ibi méjèèjì, ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì tàbí kí ẹ fẹsẹ̀ rìn. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Ilé onígi àtijọ́ ni, yàrà olómi tó yí i ká láyé ọjọ́un ṣì wà lápá kan, òun nìkan ló sì ṣẹ́ kù nínú ilé ńláńlá márùn-ún tí àwọn onílẹ̀ Dagenham kọ́. Agnes de Valence àti Aymer arákùnrin rẹ̀, tí wọ́n gbé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìnlá, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn àwòrán ńlá tí ẹ máa rí lára ògiri, ti ìdílé Fanshawe ni. Àwọn Fanshawe nílẹ̀ lọ bẹẹrẹ ní agbègbè náà fún ọ̀pọ̀ ìran, wọ́n sì fi àwòrán àwọn baba ńlá wọn ta ìlú lọ́rẹ ní 1963. Iṣẹ́ ọwọ́ Peter Lely, tó ya àwòrán fún ọba Charles Kejì, wà lára wọn. Ẹ kí wọn, kí ẹ sì kọjá. Nítorí ère igi kékeré kan tó wà nínú àpótí gíláàsì la ṣe wá, èyí tí wọ́n ń pè ní Dagenham Idol.

Gíga ère yìí kò tó ìdajì mítà. Lọ́dún 1922 ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́lẹ̀ láti ri páìpù mọ́ ẹrẹ̀ etí odò Thames kàn án lábẹ́ ilẹ̀, ní nǹkan bí mítà mẹ́ta sísàlẹ̀. Igi páìnì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Kò lápá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gún régé, ihò ojú rẹ̀ kan jinlẹ̀ ju ìkejì lọ, ihò kan tún wà nísàlẹ̀ ikùn tó mú kí àwọn onímọ̀ máa jiyàn bóyá akọ ni tàbí abo. Egungun àgbọ̀nrín wà nítòsí ibi tí wọ́n ti hú u jáde, ìyẹn ló sì mú kí àwọn kan gbà pé ẹbọ ni wọ́n fi rú sínú ẹrẹ̀ náà. Ìwádìí sáyẹ́ǹsì lórí igi rẹ̀ fi hàn pé nǹkan bí ọdún 2250 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ó sì wà lára ère onígi tó jọ èèyàn tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tí wọ́n tíì rí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti rí ère ìbejì rí á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹni tó gbẹ́ ère yìí mọ ohun tó ń ṣe: kò wá bí ó ṣe máa jọ ẹnì kan, ohun tó fẹ́ kí ojú kọ́kọ́ tẹ̀ ló tẹnu mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín àti ojú rẹ̀ lè ṣe déédéé, kí ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ohun kan ṣoṣo sàn ju wákàtí mẹ́ta lórí ẹgbẹ̀rún nǹkan, ìlànà yẹn ni ẹ óò sì máa lò títí ìwé yìí fi máa parí.

Èyí tó kàn wá jù nìyí: ère Dagenham kì í ṣe ti Dagenham. Nígbà tí wọ́n hú u jáde, abẹ́ Essex ni Dagenham wà, 1965 ló tó di ara London, mùsíọ́mù tó wà ní Colchester ni ère náà sì bọ́ sí lọ́wọ́. Nígbà tí Valence House tún ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn àtúnṣe ńlá ní 2010, yíyá ni Colchester yá wọn. Ìlú tí ohun náà ti jáde láti inú ẹrẹ̀ rẹ̀ ló ń yá a wò. Inú èyí ni ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ óò máa gbé kiri ti jáde. Níbo ni wọ́n ti rí ohun yìí? Ọ̀nà wo ló gbà dé ibi tí mo ti ń wò ó? Ta ló ni ín báyìí, àdéhùn wo ló sì wà láàárín onítọ̀hún àti ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ohun kọ̀ọ̀kan sábà máa ń dáhùn àkọ́kọ́, á fi ọ̀rọ̀ méjì péré dáhùn ìkejì, á sì dákẹ́ lórí ìkẹta. Ẹni tó mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà níbẹ̀ ti kúrò ní àlejò lásán.

Ẹnì kan á ní kò tọ́ láti fi èyí wé àwọn ohun Benin tó wà ní British Museum, pé kò sẹ́ni tó yìnbọn nígbà tí ère Dagenham ń lọ sí Colchester. Òótọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀. Ogun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé lọ bá Benin ní 1897, wọ́n dáná sun ààfin, wọ́n sì kó ohun inú rẹ̀ lọ. Àmọ́ ìdí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ láti Dagenham ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò le, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ sì lè lóye rẹ̀. Ọmọ tó bá ti béèrè lọ́wọ́ yín pé kí ló dé tí Colchester kò kúkú fún wọn ní ère wọn ti ṣe tán láti lọ sí British Museum. Bí ẹ bá kọ́kọ́ mú un débi ohun ìkógun, ìbínú àwọn òbí rẹ̀ ló máa rí, kò ní rí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Àtakò kejì lágbára gan-an láàárín àwa Yorùbá, pàápàá ní agbègbè tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí wa pọ̀ bíi Barking. Òrìṣà ni, wọ́n á ní, kí la fẹ́ kí ọmọ wa lọ wò níbẹ̀? Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ná. Ọdún 666 ni wọ́n dá ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ obìnrin sílẹ̀ ní Barking, tí wọ́n fi Ethelburga ṣe olórí rẹ̀. Nígbà tí William Aṣẹ́gun gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ibẹ̀ ló sọ̀ sí lẹ́yìn tí wọ́n fi í jọba. 1539 ni ọba Henry Kẹjọ tì í pa. Ìpìlẹ̀ òkúta rẹ̀ àti Curfew Tower ṣì wà ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Margaret títí dòní, ẹ sì lè wò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlú tí Kristẹni ti fìdí múlẹ̀ fún ohun tó lé ní 1,300 ọdún kò rí ohun àbùkù nínú títọ́jú ère tí àwọn baba ńlá ibẹ̀ gbẹ́ kí ìhìnrere tó débẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í kúnlẹ̀ fún un, wọn kì í bọ ọ́. Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀: ọmọ tó ti fojú ara rẹ̀ rí i pé ará Dagenham náà gbẹ́ ère, ó sì ṣeé ṣe kó fi rúbọ, kò ní gbà bí ẹnì kan bá sọ fún un nílé ìwé pé aláwọ̀ dúdú nìkan ló ń bọ igi.

Àwọn mìíràn á ní ìtàn òyìnbó ni gbogbo èyí, pé kò kàn wá. Bẹ́ẹ̀, ilé káńsù Becontree tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, ìtàn gidi ni. Ọdún 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ fún àwọn tó ń gbé inú ilé jákujàku ní ìlà-oòrùn London, nígbà tó sì fi máa di 1935 ilé tó wà níbẹ̀ ti lé ní 25,000. Kò sí ilé káńsù mìíràn tó tóbi tó o nígbà náà. Àlejò ni àwọn tó kọ́kọ́ kó débẹ̀, bíi tiwa. Iléeṣẹ́ Ford tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Dagenham ní 1931 ni àwọn obìnrin tó ń rán aṣọ ìjókòó mọ́tò ti daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1968, tí ìjọba fi ṣòfin owó oṣù ọgbọọgba fún ọkùnrin àti obìnrin ní 1970. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ní Barking lónìí ń jẹ nínú èso ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ẹ wá gba Eastbury Manor House kọjá, nítòsí ibùdókọ̀ Upney lórí District line: ilé bíríkì pupa tí Clement Sysley kọ́ ní nǹkan bí 1573, tó di ti National Trust ní 1918 nígbà tí wọ́n ti fẹ́ wó o. Àwòrán tí wọ́n kùn sára ògiri yàrá kan níbẹ̀ ṣì hàn. Ibẹ̀ kì í ṣí lójoojúmọ́, nítorí náà ẹ wo ọjọ́ àti owó ìwọlé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá sì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì St Margaret, ẹ sọ fáwọn ọmọ pé ibẹ̀ ni James Cook ti gbéyàwó ní 1762, kí ó tó di ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú omi káàkiri òkun Pàsífíìkì. Àwọn ohun tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ kó bọ̀ láti erékùṣù ibẹ̀ wà ní British Museum.

Láti Barking, ọ̀nà British Museum kò ṣòro. Ẹ wọ District line dé Mile End, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ kọjá sí òdìkejì pèpéle kan náà, ẹ wọ Central line dé Holborn tàbí Tottenham Court Road. Ẹni tó wà nítòsí Chadwell Heath kò ní pààrọ̀ ọkọ̀ rárá: Elizabeth line á gbé e dé Tottenham Court Road. Wọ́n á yẹ báàgì yín wò lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà ẹ má gbé àpótí onítáyà wá. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, àmọ́ ó dára kí ẹ ti gba tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ìpàtẹ àkànṣe nìkan ni wọ́n ń gbowó fún, kò sì sí ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wọ̀ wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má dúró lọ́dọ̀ àwọn òkú Íjíbítì. Yàrá 25 ni kí ẹ máa béèrè, ibi tí wọ́n pàtẹ ohun Áfíríkà sí láti 2001. Ìsàlẹ̀ ilé ló wà, àtẹ̀gùn lẹ máa fi sọ̀kalẹ̀. Àwọn kan ń bínú pé abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi wá sí, ìbínú wọn sì nídìí. Síbẹ̀, ibẹ̀ kì í sábà kún bí òkè, èèyàn sì lè dúró pẹ́ níwájú ohun kan láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tì í.

Orí ọba láti Ifẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ wo ojú òpó mùsíọ́mù náà kí ẹ tó kúrò nílé láti mọ̀ bóyá ó wà lórí ìpàtẹ, torí wọ́n máa ń ti yàrá nígbà míì, wọ́n sì máa ń yá nǹkan fún ìlú mìíràn. Idẹ ni wọ́n fi rọ ọ́, ó lé díẹ̀ ní 35 sẹ̀ǹtímítà, ọ̀rúndún kẹrìnlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n sì gbà pé ó ti wá. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ó bo gbogbo ojú, àmọ́ wọn kò fọwọ́ kan ètè. Adé ìlẹ̀kẹ̀ tó dé ní ìpele ìpele, ohun róbótó kan bí òdòdó wà níwájú adé náà, èyí tó nà sókè lórí rẹ̀ sì ti tẹ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí iná bá bọ́ sí i dáadáa, ẹ máa rí àjẹkù ọ̀dà pupa àti dúdú lára adé. Nígbà tí Leo Frobenius ará Jámánì dé Ifẹ̀ ní 1910, tó rí irú iṣẹ́ yìí, kò gbà pé àwọn baba wa ló ṣe é. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé àwọn ará Atlantis inú ìtàn àwọn Gíríìkì ló fi í sílẹ̀. Ẹ dúró níwájú ojú yẹn, kí ẹ wá pinnu ẹni tó ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ẹ wá bi í ní ìbéèrè mẹ́ta yẹn. Wọ́n rí i ní 1938 ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, pẹ̀lú àwọn orí mìíràn bíi mẹ́tàdínlógún. Olóòtú ìwé ìròyìn kan nílùú Èkó, Maclear Bate, ló rà á tó sì gbé e wá sí London, ó sì dé British Museum ní 1939. Wọn kò fi ogun gbà á, bẹ́ẹ̀ ni Ọọ̀ni kò fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ra méjì nínú àwọn orí náà lákòókò kan náà. Òun dá tirẹ̀ padà fún Nàìjíríà ní 1950. Inú ilẹ̀ kan náà, ọdún kan náà, ọ̀nà kan náà ló gbà jáde, ọ̀kan wà ní British Museum, méjì padà sílé. Ọwọ́ ẹni tó bọ́ sí ló fa ìyàtọ̀.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ni ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́, gbẹ́nàgbẹ́nà tó kú ní 1938. Ìtàn rẹ̀ kò jọ ti orí Ifẹ̀ rárá. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà wá sí ìpàtẹ ńlá ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley ní 1924, British Museum sì fẹ́ rà á. Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, kò gba owó. Ìjókòó ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà ní pàṣípààrọ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn fún ààfin. Ohun tó gbẹ́ sára èyí tó wà ní London dùn ún wò. Lápá kan, Ọba jókòó pẹ̀lú adé àti ayaba lẹ́yìn rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Lápá kejì, Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ká orúnkún sókè nínú ohun tí àwọn èèyàn ń gbé e lé lórí, bí ẹni tí àyè há mọ́. Ọlọ́wẹ̀ kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sára ilẹ̀kùn náà, síbẹ̀ ó ti sọ èrò rẹ̀ nípa ẹni tó nílé àti ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó ń sọ pé gbogbo ohun wa tó wà ní London ni wọ́n jí ní láti wá àyè fún Ògògà yìí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí ọba tó mọ iye ohun tó ní ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń sọ pé rírà ni wọ́n rà gbogbo rẹ̀ ní láti wá àyè fún 1897.

Ibí ni àtakò tó lágbára jù lọ wà: bí a bá ń lọ wo ohun ìkógun, ṣé a kò ti fọwọ́ sí ìkógun náà? Ẹni tó bá pinnu pé òun kò ní wọ ibẹ̀ títí wọn yóò fi dá a padà ní ìdí tó dúró lé lórí. Àmọ́ ẹ̀rí ọdún díẹ̀ sẹ́yìn kò gbè é lẹ́yìn. Òfin ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti ọdún 1963 kò fún àwọn alágbàtọ́ British Museum láyè láti fi ohun tó wà níbẹ̀ tọrẹ bó ṣe wù wọ́n. Òfin mìíràn tó jọ ọ́ ló de mùsíọ́mù V&A. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí ohun ọ̀ṣọ́ wúrà Asante máa padà sí Kumasi ní 2024, yíyá fún ọdún mẹ́ta ni British Museum àti V&A yá wọn, nǹkan méjìlélọ́gbọ̀n lápapọ̀. Mùsíọ́mù Horniman, tó wà ní Forest Hill ní gúúsù London, kò sí lábẹ́ òfin yẹn. Ní oṣù kẹjọ 2022 ni àwọn alágbàtọ́ rẹ̀ gbà láti dá ohun ìní méjìléláàádọ́rin tí wọ́n kó ní Benin padà fún Nàìjíríà, àkùkọ onídẹ àti kọ́kọ́rọ́ ààfin ọba wà lára wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n fi àṣẹ ohun ìní náà lé NCMM, àjọ tó ń bójú tó mùsíọ́mù Nàìjíríà, lọ́wọ́, mẹ́fà sì bọ́ sọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan tó ṣẹ́ kù sí London, Nàìjíríà ló yá wọn. Ní Dagenham, onílé ló ń yá ohun tirẹ̀ wò. Ní Horniman, àlejò ló wá di ẹni tó ń yá. Àwọn tó béèrè, tí wọ́n kọ̀wé, tí wọ́n mọ orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan ló mú ìyẹn ṣẹ. Ẹni tí kò wò ó rí kò lè tọ́ka sí ohun tó fẹ́ kí wọ́n dá padà. Nítorí náà, ìdájọ́ tèmi ni pé kí ẹ lọ, kí ẹ sì béèrè. Láti Barking, ẹ wọ District line dé Whitechapel, ẹ pààrọ̀ sí Overground tó ń lọ sí Forest Hill, ẹ ó sì fẹsẹ̀ gun òkè díẹ̀ kí ẹ tó dé Horniman.

Ọ̀rọ̀ àkókò àti owó kò gba àlàyé púpọ̀. Láti oṣù kejìlá 2001 ni ìwọlé ti di ọ̀fẹ́ ní àwọn mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mọ́kànlá kì í sanwó nínú Underground, DLR, Overground àti Elizabeth line bí àgbà tó sanwó bá wà pẹ̀lú rẹ̀, àgbà kan sì lè mú ọmọ mẹ́rin dání. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní òpin ọ̀sẹ̀, tàbí tí ọjọ́ Àìkú rẹ̀ jẹ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì, lè lo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì: British Museum máa ń ṣí di aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, National Gallery di aago mẹ́sàn-án. Oúnjẹ inú mùsíọ́mù wọ́n. Ẹ di jọ̀lọ́ọ̀fù yín sínú kúlà, kí ẹ jẹ ẹ́ lórí ìjókòó tó wà níta. Ní Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹ yẹ ojú òpó TfL wò kí ẹ tó jáde, torí ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń ti ojú irin pa fún àtúnṣe. Ẹ má pẹ́ ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ bí ọmọ bá wà pẹ̀lú yín. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àti pẹ́ńsù kó ya ohun kan ṣoṣo tó wù ú. Ọmọ tó ń yàwòrán kì í sọ pé ó rẹ òun.

Ibi tó yẹ kí ẹ gbé lọ lẹ́yìn èyí kò jìnnà. V&A East Storehouse ṣí ní oṣù karùn-ún 2025 nínú Queen Elizabeth Olympic Park; láti Barking, ẹ dé West Ham, ẹ pààrọ̀ lọ sí Stratford, ẹ wá rìn tàbí ẹ wọ bọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni V&A ń kó ohun tí kò sí lórí ìpàtẹ sí, ẹnikẹ́ni sì lè kọ orúkọ ohun tó fẹ́ wò sílẹ̀, títí dé márùn-ún, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Wọ́n á gbé e jáde fún un. Kò gba ìwé ẹ̀rí, kò gba owó. V&A ní aṣọ àdìrẹ nínú àkójọ wọn: ẹ wá a lórí ojú òpó wọn, kí ẹ mú ìyá àgbà lọ́wọ́ lọ, kó wá máa ka orúkọ àrà tó wà lára aṣọ náà fún àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn á fetí sílẹ̀. Àwọn ayàwòrán òde òní kò gbọ́dọ̀ kọjá yín lórí. Ọkọ̀ ojú omi Nelson nínú ìgò, tí Yinka Shonibare ṣe fún Trafalgar Square ní 2010, wà níta National Maritime Museum ní Greenwich, ìgbòkun rẹ̀ mẹ́tàdínlógójì jẹ́ àǹkárá. DLR dé Cutty Sark lẹ máa wọ̀. Tate Modern náà ṣí ìpàtẹ ńlá lórí àwọn oníṣẹ́ ọnà Nàìjíríà ọ̀rúndún ogún ní oṣù kẹwàá 2025, Twins Seven-Seven wà lára wọn. Láti Barking, District line kan náà ló lọ tààrà sí Blackfriars, ẹ ó sì fẹsẹ̀ kọjá odò.

Ìbéèrè kẹta yẹn, ta ló ni ín, kàn wá nílé náà. Valence House ni ibi ìkówèé àti àkọsílẹ̀ ìtàn agbègbè Barking àti Dagenham wà, ibẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn agbègbè yìí ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i yóò wá. Fọ́tò ìkómọ ní gbọ̀ngàn Dagenham, ìwé ètò ìsìnkú, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù tó kọ́kọ́ ń ta èlùbọ́ ní àdúgbò: wọ́n wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ń dà sínú pàǹtírí lọ́jọ́ tí onílé bá kú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ irú ohun tí wọ́n ń gbà àti àdéhùn tí wọ́n fi ń gbà á. Ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti àdúgbò sẹ́yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbé e lọ, kí ẹ sì jẹ́ kó hàn nínú ìwé bóyá ẹ fún wọn ni tàbí ẹ yá wọn.